Bí A Ṣe Ń Pa Owó Láti Orí Búlọ́ọ̀gì: Ìpolówó, Ọjà, Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Owó Àsansílẹ̀

Búlọ́ọ̀gì ni ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré kan ń kọ àpilẹ̀kọ sí déédéé, tí èyí tó jẹ́ tuntun jù lọ sì máa ń wà lókè. Ẹni tó ni ín ni à ń pè ní oníbúlọ́ọ̀gì. Ní ìpínlẹ̀ wa lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé gíga, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, àwọn aránṣọ àti àwọn àgbẹ̀ pàápàá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni owó ṣe ń wọlé níbẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí ni ìdáhùn wa. A kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ sọ búlọ́ọ̀gì di iṣẹ́ tàbí àfikún iṣẹ́, a kò kọ ọ́ fún ẹni tó ń wá owó òjijì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kó yé àwọn ènìyàn wa ni pé búlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kì í san owó fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìsọ̀ tí a pa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí èrò kò bá kọjá níbẹ̀, ìsọ̀ náà kò ní ìtumọ̀. Bí èrò bá sì ń kọjá ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà pé olóòótọ́ ni onísọ̀, wọn kò ní yà. Owó ń wọlé láti ara àwọn ohun tí a tò sínú ìsọ̀ náà, èyí tí í ṣe ìpolówó ọjà, owó alárinà, ọjà tí a ṣe fúnra wa, iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń bá ènìyàn ṣe, àti owó tí àwọn òǹkàwé ń san sílẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọgbọ́n tuntun ni èyí, ó yẹ kí a rántí pé ní ìlú Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859, tí àwọn tó mọ̀wé sì ń fi owó ẹyọ rà á. Ó tó àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà tí I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde ní ọdún 1929, tí ó pè ní ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n. Àwọn òǹkàwé ń retí èyí tó kàn, wọ́n sì ń ra ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1930, ó kó gbogbo lẹ́tà náà jọ, ó sọ wọ́n di odindi ìwé, ó sì tún tà á.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe dáadáa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ṣe. Iṣẹ́ náà ta ìwé ìròyìn, ó mú kí ojú àwọn ènìyàn máa wà lára ìpolówó tó wà nínú rẹ̀, ó sì di ọjà mìíràn lẹ́yìn tí ó ti parí. Kò sí oníbúlọ́ọ̀gì òde òní tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ìpolówó tí Google ń pín

Èyí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lé. Google dá ètò tí wọ́n ń pè ní AdSense sílẹ̀ ní ọdún 2003. Oníbúlọ́ọ̀gì á fi orúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Google á yẹ ìkànnì rẹ̀ wò, bí ó bá sì gbà á, ìpolówó á máa hàn láàárín àwọn àpilẹ̀kọ. Nínú owó tí àwọn olùpolówó ń san, Google ń mú apá kan, ìyókù jẹ́ ti oníbúlọ́ọ̀gì. Ènìyàn kò ní láti wá oníbàárà kiri, ìdí nìyí tí ó fi wu gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ìgbà 1,000 tí àwọn ènìyàn ṣí àpilẹ̀kọ yín ń mú 50 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà wá. A mú iye yìí láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń kọ àti ibi tí òǹkàwé wà, ó sì máa ń kéré púpọ̀ fún òǹkàwé tó wà ní Nàìjíríà ju fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí àwọn ènìyàn bá ṣí àpilẹ̀kọ yín ní ìgbà 20,000 lóṣù, èyí tí kò rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 10 dọ́là ni ẹ ó rí. Google kò sì ní san owó títí yóò fi pé 100 dọ́là. Oṣù mẹ́wàá nìyẹn kí ẹ tó fojú kan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí ó bá pé, àárín ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 26 oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń fi owó náà ránṣẹ́ sí báǹkì.

Ohun kan tún wà tó ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sójú ọ̀nà. Nígbà tí owó yín bá pé 10 dọ́là, Google á fi lẹ́tà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, nọ́ńbà àṣírí kan á sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú àkáǹtì yín láti fi hàn pé òótọ́ ni àdírẹ́sì tí ẹ kọ. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ jáde tí ẹ kò sì tẹ̀ ẹ́, ìpolówó á dẹ́kun láti máa hàn lórí ìkànnì yín. Gbogbo wa mọ̀ bí lẹ́tà ṣe ń rìn. Ilé tí kò ní nọ́ńbà, àdúgbò tí kò ní orúkọ òpópónà, wàhálà ni fún lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gba àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní ọ́fíìsì NIPOST tó sún mọ́ ọn, tàbí kí ó gba ìyọ̀ǹda láti lo ti ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí rẹ̀, kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì AdSense gbọ́dọ̀ bá ti báǹkì mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ti san owó fún ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ni pé kí ó bá òun ṣí AdSense. Orúkọ olùkọ́ náà ni àkáǹtì ń jẹ́. Ọmọ náà kọ̀wé fún odindi ọdún kan, ẹlòmíràn ló gba owó. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó yẹ kí ó gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Fún àwọn tó ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì. Google ní àkọsílẹ̀ àwọn èdè tí ètò ìpolówó rẹ̀ gbà, kì í sì ṣe gbogbo èdè ayé ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo àkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó fi ìrètí yín sí i. Ní tiwa, a gbà pé èyí kò yẹ kí ó lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú èdè rẹ̀. Ó kàn túmọ̀ sí pé àwọn ọ̀nà tó kù tí a ó mẹ́nu bà ni òǹkọ̀wé Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ṣe òpó ilé, kí ó fi ti Google ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ tẹ ìpolówó orí ìkànnì ara yín, kí ẹ má sì bẹ ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Google máa ń rí i, á sì ti àkáǹtì náà pa pẹ̀lú owó tó wà nínú rẹ̀.

Ilé ẹlòmíràn

Linda Ikeji, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ọdún 2006 lórí Blogger, èyí tí Google ń fún ènìyàn lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn ní Nàìjíríà pé ènìyàn lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ń gbé ìpolówó wọn wá bá a tààrà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Google ti búlọ́ọ̀gì náà pa, ó sì tún ṣí i padà láìpẹ́. Àríyànjiyàn tó fa ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni ó kàn wá níhìn-ín. Ohun tó kàn wá ni pé ẹni tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ lè jí lówùúrọ̀ kí ó bá ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní títì, nítorí pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ìsọ̀ náà wà. Lónìí, àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ó ń lò.

Ìrú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ní ọdún 2011, Google yí ọ̀nà tí ó ń gbà to àwọn ìkànnì padà nínú ìwárí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì káàkiri ayé sì pàdánù òǹkàwé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní oṣù Kínní ọdún 2018, Facebook kéde pé òun yóò máa fi ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ han ènìyàn ju ti àwọn ilé ìròyìn lọ, àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni èrò wọn ti ń wá sì fara gbá a. Nítorí náà, ẹ ra àdírẹ́sì tí ó jẹ́ ti yín. Àdírẹ́sì tó parí sí .ng wà, ẹgbẹ́ NiRA ló ń bójú tó o, àwọn aṣojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń tà á fún ará ìlú, ní náírà. Kí ẹ sì ní ìwé orúkọ àti ímeèlì àwọn òǹkàwé tó fẹ́ kí ẹ máa kọ̀wé sí wọn. Bí ìsọ̀ bá wó, ẹni tó mọ ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tíì pàdánù ohun gbogbo.

Àwọn oníṣòwò tó wà nítòsí

Ọ̀nà yìí ni a gbà pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa túbọ̀ mójú tó, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń fo dá. Oníṣòwò tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀tà kò nílò òǹkàwé mílíọ̀nù kan. Igba àgbẹ̀ tó ń sin adìyẹ ní tòótọ́ ti tó o. Bí búlọ́ọ̀gì yín bá jẹ́ ibi tí igba àgbẹ̀ yìí ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ní ohun tí Google kò lè tà fún un, ẹ sì lè gba owó tó ju ti Google lọ fún ìdí kan náà.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ lọ bá oníṣòwò náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ fi iye ènìyàn tó ń ka ìkànnì yín hàn án àti ìlú tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ ìṣirò ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ èyí, ẹ má sì ṣe fi ẹnu lásán bù ú kún. Ẹ dá iye kan fún oṣù kan tàbí mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn: ibi tí ìpolówó yóò wà, ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Ẹ gba owó yín ṣáájú. Ẹ já rìsíìtì. Oníṣòwò tó bá gba rìsíìtì lónìí á padà wá lọ́la, nítorí pé ó ti mọ̀ pé òwò ni ẹ ń ṣe.

Irú kan wà nínú èyí tó gba ìṣọ́ra, ìyẹn àpilẹ̀kọ tí oníṣòwò sanwó kí a kọ. Ẹ sọ fún òǹkàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a sanwó fún un. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí á lé òǹkàwé lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń lé òǹkàwé lọ ni kí ó fúnra rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ra ọjà tí kò dára. Òfin tó dá àjọ ARCON tó ń bójú tó ìpolówó sílẹ̀ ní ọdún 2022 sì kan ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti kan ti rédíò. Fún oògùn, oúnjẹ inú páálí àti ìpara, ìpolówó wọn ń fẹ́ àṣẹ NAFDAC. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó ńlá wá pé kí ẹ polówó àgbo tó ń wo gbogbo àìsàn, ẹ dá owó náà padà.

Owó alárinà

Alárinà ni ẹni tó mú oníbàárà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, tí ọlọ́jà sì fún ní nǹkan lára èrè. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́jà á fún oníbúlọ́ọ̀gì ní àdírẹ́sì ìkànnì kan tí a ti sàmì sí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá tó sì ra nǹkan, a ti mọ ẹni tó rán an wá. Amazon ti Amẹ́ríkà ti ń ṣe èyí láti ọdún 1996. Ó bá àwọn tí òǹkàwé wọn wà lókè òkun mu, bí àpẹẹrẹ ẹni tó ń kọ nípa ìwé Yorùbá tàbí oúnjẹ ilé wa fún àwọn ọmọ wa ní London àti Houston. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé Amazon Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ti Amẹ́ríkà máa ń ti àkáǹtì tí kò bá mú ó kéré tán ọjà mẹ́ta wá láàárín 180 ọjọ́.

Fún òǹkàwé tó wà nílé, ọlọ́jà ilé ló dára jù. Kò pọn dandan kí ó ní ètò ayélujára kankan. Ẹ lè bá ẹni tó ń ṣe ìkòkò omi adìyẹ sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ búlọ́ọ̀gì yín á gba ẹ̀dínwó díẹ̀, ẹ̀yin náà á sì gba iye kan lórí rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ohun tí ẹ kò tíì lò rí, ẹ má ṣe rán ènìyàn lọ rà á.

Ọjà tiwa àti iṣẹ́ ọwọ́ tiwa

Níbí ni owó gidi máa ń wà, níbí náà sì ni làálàá wà. Ìbéèrè kan náà tí àwọn òǹkàwé ń bi yín léraléra ni ọjà yín. Bí ogún ènìyàn bá ti béèrè bí a ṣe ń tọ́jú òròmọdìyẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti kọ lórí rẹ̀ jọ, ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ẹ fi ìṣirò iye owó àti àwòrán kún un, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìwé pẹlẹbẹ tí ènìyàn lè kà lórí fóònù. Òǹkàwé kì í bínú pé apá kan rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ètò àti àkókò tí ẹ bá a fi pamọ́ ni ó ń sanwó fún. Darren Rowse ti Australia, tó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì ní ọdún 2002, tó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní fọ́tò yíyà, ń ta ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wà lórí ìkànnì náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbígba owó kò tún jẹ́ ìṣòro bí ti àtijọ́. Paystack, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, àti Flutterwave tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, ń jẹ́ kí ènìyàn fi káàdì tàbí báǹkì sanwó ní náírà. Selar sì wà fún ẹni tó fẹ́ ta ìwé tàbí ẹ̀kọ́ láìkọ́ ìkànnì títà fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ń gé díẹ̀ lórí owó kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye tí wọ́n ń gé kí ẹ tó dá iye ọjà yín.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ènìyàn pè yín láti wá ṣe ohun tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀. Alákọsílẹ̀ nípa ọ̀sìn lè lọ wo ilé adìyẹ ẹlòmíràn kí ó tó kọ́ ọ tán. Ẹni tó ń kọ nípa aṣọ lè rán aṣọ. Olùkọ́ lè kọ́ ọmọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ènìyàn mẹ́ta péré lè mú un wá, ní oṣù kejì pàápàá. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá lọ, owó kò ní wọlé. Ẹni tó ṣàìsàn mọ̀ ọ́n.

Owó àsansílẹ̀

Òǹkàwé tó fẹ́ràn yín lè san iye kékeré lóṣù láti wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tàbí láti gba lẹ́tà àkànṣe. A kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti tètè ṣe èyí. Owó àsansílẹ̀ jẹ́ gbèsè: ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ, àwọn tó sanwó ń dúró.

Ìṣirò oṣù kan

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin kan, kí a pè é ní Ìyá Aládìyẹ. Ó ti ń kọ nípa ọ̀sìn adìyẹ fún ọdún méjì, àwọn ènìyàn sì ń ṣí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ìgbà 30,000 lóṣù. Gbogbo iye tó wà níhìn-ín jẹ́ àfojúinúwò.

Google fún un ní 15 dọ́là. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní ₦1,500, ó jẹ́ ₦22,500. Oníṣòwò mẹ́ta ń polówó, ₦15,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦45,000. Owó alárinà lórí ìkòkò omi mẹ́wàá, ₦1,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦12,000. Ó ta ìwé pẹlẹbẹ 25 ní ₦2,000, ₦50,000. Ó lọ wo oko méjì, ₦25,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦50,000. Ogún ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ₦1,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦199,500. Ó ná ₦15,000 lórí dátà, ₦5,000 fún ibi tí ìkànnì rẹ̀ ń gbé, ₦20,000 lórí epo àti ọkọ̀ wíwọ̀, ₦3,000 sì lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń bá a gba owó. Ó ku ₦156,500.

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó tó o jẹ. Ṣùgbọ́n bí Google bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa lọ́la, ₦22,500 ni yóò kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣì lọ sílé-ìwé. Ẹ tún wo ohun kan tí ojú lè fò. Owó Google tí a kọ síbẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Oṣù méje ni yóò fi pé 100 dọ́là. Ẹni tó bá ń ná owó tó ṣì wà lọ́dọ̀ Google yóò jẹ gbèsè.

Ewu mìíràn wà tí pípọ̀ ọ̀nà nìkan kò lè wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àrùn lúkúlúkú àwọn ẹyẹ wọ Nàìjíríà, òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí i. Ká ní irú rẹ̀ tún dé. Àwọn oníṣòwò adìyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ẹni tó ń ra ìkòkò omi, kò sì ní bójú mu pé kí Ìyá Aládìyẹ máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Mẹ́rin nínú ọ̀nà mẹ́fà rẹ̀ ń mu omi nínú kànga kan. Ohun tó lè gbà á ni ìwé kan lórí bí a ṣe ń dáàbò bo oko lọ́wọ́ àrùn, nítorí pé àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn yóò máa wá a kiri, àti oníṣòwò kan tàbí méjì tí kì í ṣe adìyẹ ni wọ́n ń tà: ẹni tó ń ta sólà, tàbí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Nígbà tí ẹ bá ń yan àwọn ọ̀nà yín, ẹ béèrè bóyá ohun kan ṣoṣo lè dá gbogbo wọn dúró.

Ní ti èyí tó yẹ kó ṣáájú, èrò wa yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Wọ́n máa ń ní kí ènìyàn fi Google bẹ̀rẹ̀. A ní kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò fẹ́ èrò púpọ̀, ó sì ń kọ́ni ní ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ mọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oníṣòwò àdúgbò. Kí Google dé lẹ́yìn, nígbà tí èrò bá ti ń wá fúnra wọn. Kí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Òfin, àkọsílẹ̀ àti owó-orí

Ẹ má ṣe kó iṣẹ́ oníṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àti fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ni ín sì lè béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì yín. Orúkọ, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé wà lábẹ́ òfin ààbò dátà ti ọdún 2023: ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì yọ orúkọ ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́. Ẹni tó fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́, kí ó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Púpọ̀ nínú wọn kì í sanwó sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán.

Owó búlọ́ọ̀gì jẹ́ owó tí òfin ń béèrè owó-orí lé lórí, ì báà jẹ́ dọ́là tàbí náírà. Láti oṣù Kínní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a kì í gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni à ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Bí Ìyá Aládìyẹ bá jèrè ₦156,500 lóṣooṣù, ₦1,878,000 ni lọ́dún. Bí a bá yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦1,078,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦161,700. Bí ó bá ń san owó ilé, ẹ̀dínkù wà fún un lórí èyí náà. Owó dátà, epo àti ìkànnì tí ó ti yọ kúrò kí ó tó ṣe ìṣirò yìí ń fẹ́ ẹ̀rí, nítorí náà kí ó tọ́jú àwọn rìsíìtì sínú àpò kan, kí ó sì ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí, lójoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí fún ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni yóò fi àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí, kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta.